Ẹ̀kán Tí Ondina Fi Sílẹ̀

Belarmino Teles kò mọ wàràkàṣì í ṣe nígbà tó fẹ́ Ondina. Màlúù ló mọ̀ ọ́n dà. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà kó àgbàdo àti igi ìdáná sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyá ìyàwó fún wọn ní nǹkan mẹ́ta: abo màlúù méjì, pákó wàràkàṣì kan, àti ìgò kékeré kan tí omi rúkùrúkù wà nínú rẹ̀. Belarmino rò pé omi ìdọ̀tí ni. Ó ń mú un lọ síta kó lè dà á nù. Ondina di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dà á nù kí o rí i," ni Ondina wí. "Ìwọ náà á bá a lọ."

Omi tó kán láti ara wàràkàṣì àná ni. Ní Vargem do Quati, abúlé wọn, pingo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀kán. Bí wọ́n bá fún wàrà màlúù tán láàárọ̀, ẹ̀kán àná ni wọ́n ń dà sí i, bí ẹni tó ń fi ìwúkàrà sí ìyẹ̀fun. Lálẹ́, wàràkàṣì tuntun á jókòó sórí pákó pẹ̀lú iyọ̀ lórí, á máa kán, ẹ̀kán á sì gba ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára pákó lọ sínú agolo. Ìyẹn ni tọ̀la. Ẹ̀kán ilé kan kò rí bí ti ilé kejì. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó bá fi wàràkàṣì sẹ́nu mọ ilé tó ti wá. Wọn kì í tà á. Bí ti ẹnìkan bá bàjẹ́, yóò gbé ìgò lọ sílé aládùúgbò, wọ́n á sì bù fún un.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Ondina fi ṣe wàràkàṣì. Nígbà tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó jókòó sórí àpótí, ó ń sọ ohun tí Belarmino máa ṣe. "Tẹ̀ ẹ́. Má lù ú. Ẹran lo rò pé o ń gún ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí Ondina kú, ní oṣù kẹjọ, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ fún wàrà màlúù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó da ẹ̀kán sí i, ó tẹ wàràkàṣì mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ló tó lọ wọ aṣọ dúdú. Àwọn kan sọ pé ọkàn rẹ̀ le. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí òun bá fo ọjọ́ kan, ohun tí ọwọ́ Ondina fà wá láti àárọ̀ ayé rẹ̀ yóò já.

Lọ́dún yìí, ní oṣù karùn-ún, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wá kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà oko rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ìlú ńlá máa wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe wàràkàṣì. Ọmọbìnrin tó kó wọn wá bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Bàbá, àlejò méjì á wá ní Sátidé. Láti São Paulo ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ má ṣe ìyọnu kankan o. Bí ẹ ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ náà ni kí ẹ ṣe é."

"Mo ti gbọ́," ni Belarmino dáhùn.

Kò gbọ́. Ní Vargem, bí ẹni tó ń bọ̀ wá sílé rẹ bá ní kí o má ṣe ìyọnu, ohun tó ń sọ ni pé kí o múra gidigidi. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò pa adìyẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ní Fúráìdé, ó kun ògiri lẹ́fun. Ó gé koríko etí ọ̀nà. Ó fọ kọ́ọ̀bù tí wọn kò lò láti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tó wọ yàrá wàràkàṣì, ó wo pákó. Bàbá Ondina ló là á láti ara igi líle kan, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó gùn tó ọkùnrin méjì. Omi wàrà àti iyọ̀ ti sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Belarmino kò kà á sí dúdú rí. Lọ́jọ́ yẹn ló fi ojú àlejò wò ó, ojú sì tì í.

Ó kó wàràkàṣì àárọ̀ ọjọ́ náà sórí tábìlì. Omi oògùn kan wà tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tó máa ń sọ aṣọ dúdú di funfun. Ó dà á sínú korobá títí dé ìdajì. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo pákó, ó fi ọ̀bẹ ha á, ó tún dà á, ó tún gbo ó. Ojú ń ta á, ó ń wúkọ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pákó ti funfun bí egungun. Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ kó gbẹ, ó dá wàràkàṣì padà sórí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó sọ̀rọ̀ sókè sí obìnrin tí kò sí níbẹ̀.

"Ṣé o rí i? Wọn ò ní lè fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Àwọn àlejò dé ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin náà ń jẹ́ Cibele, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí irun rẹ̀ funfun. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Norberto, ọkùnrin sísanra kan tó dé fìlà awọ tuntun bíi ti darandaran.

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́," ni Norberto wí. "Ṣé fìlà yìí bá mi mu?"

Belarmino wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó bá yín mu, ọ̀gá. Ó ku màlúù."

Cibele rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹfun tuntun lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Belarmino bu kọfí fún wọn, ó gbé búrẹ́dì kéékèèké oníwàràkàṣì jáde.

"A ti jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì, Bàbá," ni Cibele wí.

"Ìyẹn tiwọn. Tèmi nìyí."

Wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú wọn wọ yàrá wàràkàṣì. Ó ti da ẹ̀kán sí wàrà láti ìdájí, wàrà ti dì. Ó gé e, ó kó o sínú òrùka igi tí wọ́n fi ń mọ wàràkàṣì, ó ní kí Cibele tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má lù ú, Ìyáàfin. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Báyìí?"

"Báyẹn. Ọwọ́ yín dára. Ti ọ̀gá ni kò yẹ kó kàn án."

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi?" ni Norberto béèrè.

"Ọwọ́ òṣìṣẹ́ báńkì ni."

"Olóògbé bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀," ni Norberto wí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Cibele ń wo gbogbo yàrá bí ẹni tó ń wá nǹkan. Níkẹyìn ó yọ fóònù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún tó kọjá, ó sì ya àwòrán. Ó fi han Belarmino. Pákó dúdú ló wà níbẹ̀, wàràkàṣì funfun mẹ́jọ sì jókòó lórí rẹ̀.

"Bàbá, nítorí èyí ni mo ṣe wá. Níbo ni pákó yìí wà?"

"Ọwọ́ yín wà lórí rẹ̀."

Cibele wo ilẹ̀, ó wo pákó. "Èyí?"

"Òun ni. Mo fọ̀ ọ́ nítorí yín."

Obìnrin náà rọra fi àtẹ́lẹwọ́ gba ara pákó náà kọjá. "Ó mọ́ o, Bàbá," ni ó wí. "Ó mọ́ gan-an. Ẹ ṣeun." Norberto wo bàtà ara rẹ̀. Belarmino rí ojú àwọn méjèèjì, ó sì rò pé ó yà wọ́n lẹ́nu ni.

Wàràkàṣì tó ti gbó kò ju mẹ́ta lọ lórí pẹpẹ. Ọkọ̀ tó ń rà wọ́n wá ní Tọ́sìdé, ó sì kó ìyókù lọ. Mẹ́ta yẹn jẹ́ ti ilé, wọ́n ti lo ọjọ́ mẹ́tàlélógójì. Belarmino gé ọ̀kan létí, ó fi fún àwọn àlejò. Cibele fi sẹ́nu, ó di ojú.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Wàrà. Iyọ̀. Ìyàwó mi."

"Ìyàwó yín dà?"

"Ó ti kú."

Cibele rọra jẹ èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ní àwọn fẹ́ ra méjì. Belarmino ní ẹni tó bá jókòó ní ilé òun kì í ra nǹkan. Ó kó méjì lé wọn lọ́wọ́. Ó wá yíjú padà, ó rí ẹyọ kan tó kù lórí pẹpẹ, èyí tó gé létí. Ó dà bíi pé ẹyọ náà ń wò ó. Ẹni tó fún àlejò ní méjì, tó wá fi ìkẹta pamọ́ lójú wọn, kí ni wọ́n á pè é? Ó wé e sínú bébà, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́.

"Bàbá, ó ti pọ̀ jù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n gbé e padà."

Cibele kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí bébà kan, ó ní bí Bàbá bá dé São Paulo láé, kó pe òun. Nígbà tí wọ́n ń lọ, oòrùn ti kan àtàrí. Belarmino ní kí wọ́n dúró, pé ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò ní Vargem. Wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wàràkàṣì Sátidé ti wú. Àwọn tó yẹ kó tẹ́jú ti yọ ikùn. Ó la ọ̀kan: ihò wà nínú rẹ̀ bíi kànrìnkàn, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Ó dà á fún ẹlẹ́dẹ̀. Ó rò pé wàrà ni. Ó fọ agolo, ó fọ aṣọ asẹ́, ó tún ṣe òmíràn. Ti ọjọ́ Ajé wú. Ti Túsìdé wú. Ní Túsìdé ló bu ẹ̀kán sí ìka, ó tọ́ ọ wò. Kò kan mọ́. Òórùn omi oògùn yẹn wà nínú rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó kọjá nínú ilé tó sì ti jáde. Ó jókòó sórí àpótí Ondina. Láti Fúráìdé ni ẹ̀kán ti ń gba orí pákó yẹn kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á. Kò sì tọ́jú díẹ̀ sí ibòmíràn. Wọn kì í tọ́jú rẹ̀, tàná ni tòní.

Ní Wẹ́sìdé ó gbé ìgò, ó gba pápá kọjá lọ sílé Jovina. Ẹ̀gbọ́n Ondina ni Jovina, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó dá gbé pẹ̀lú màlúù mẹ́fà. Òun náà gba ẹ̀kán lọ́wọ́ ìyá kan náà nígbà tó lọ ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní, lẹ́yìn ikú Ondina, omi òjò wọ ilé wàràkàṣì rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ó gbé ìgò wá bá Belarmino. Belarmino ní, "Tòní ò dára, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ padà wá lọ́la." Tọjọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún péré ni Ondina ti wà nínú ilẹ̀, ẹ̀kán yẹn nìkan ló sì kù nínú ilé tó wà láàyè lára rẹ̀. Ó rò pé bí òun bá bù nínú rẹ̀, obìnrin náà á dín. Wọn kì í sọ pé rárá ní Vargem. Ọ̀la ni wọ́n máa ń sọ. Jovina mọ ohun tí ọ̀la túmọ̀ sí. Kò padà wá. Ó lọ sí òdìkejì odò, ó gba ẹ̀kán lọ́wọ́ àwọn tí kò bá a tan.

Jovina ń fún adìyẹ ní àgbàdo nígbà tí Belarmino dé. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí ìgò.

"Ṣé tòní ò dára ni?"

Belarmino gbé e mì. "Kò dára, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo fọ pákó."

"O fi kí ni fọ̀ ọ́?"

Ó sọ ọ́ fún un. Jovina da àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, adìyẹ ya bò ó.

"Bàbá mi kú, kò fọ̀ ọ́. Ìyá mi kú, kò fọ̀ ọ́. Àbúrò mi kú, kò fọ̀ ọ́. Ìwọ tí a fún níyàwó lo wá mọ ìmọ́tótó jù wá lọ."

"Àlejò ń bọ̀ ni."

"Àlejò! Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́ nínú wọn?"

"Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀."

Jovina jókòó sórí òkúta ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ká ní o fún mi lọ́jọ́ yẹn, Belarmino, òní ni ǹ bá bù ú padà fún ọ. Ti ìyá mi ì bá wà nínú ilé yìí."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Mi ò mọ̀."

Jovina ló rántí. Ní ọdún ọ̀dá, ó ní, nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ẹ̀kán ìyá wọn kú. Ìyá wọn mú àgbà wàràkàṣì kan tó wà lórí pẹpẹ, ó rin ín bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́, ó pò ó mọ́ wàrà tuntun. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀kán náà jí. Òun kan náà ni, kò yí padà.

"Ọ̀kan péré ti tó," ni Jovina wí. "Ìdajì ti tó. Lọ mú èyí tó ti gbó wá."

"Kò kù. Ti Fúráìdé náà ti fa omi oògùn yẹn mu."

"Ọkọ̀ Tọ́sìdé kì í kó tilé."

"Mo fún àwọn àlejò."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú tì mí láti fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Gbogbo nǹkan ló ń tì ọ́ lójú," ni Jovina wí, "àfi èyí tó yẹ kó tì ọ́ lójú." Ó dìde, ó yọ fóònù nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Nọ́ńbà wọn dà? Pè wọ́n."

"Kí n ní kí àlejò dá ẹ̀bùn padà?"

"Ní kí wọ́n gé díẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ. Kí ni ó burú níbẹ̀?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí n gbé e padà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́."

Jovina ní kó gba ẹ̀kán tòun lọ nígbà náà. Kò gbà á. Ó ní òun á rò ó. Ó gbé ìgò òfìfo rẹ̀ padà sílé.

Ó rò ó ní Tọ́sìdé. Ọkọ̀ wá, ó padà lófìfo. Ó rò ó ní Fúráìdé: bóyá wọ́n á pè láti sọ pé wọ́n dé dáadáa, ọ̀rọ̀ náà á sì lè yọ fúnra rẹ̀. Kò rántí pé òun kò fún wọn ní nọ́ńbà kankan. Ní Sátidé ó mú bébà náà jáde, ó dá a padà sábẹ́ àwo. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ Ọlọ́run, a kì í yọ ènìyàn lẹ́nu. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ iṣẹ́ ni fún àwọn ará ìlú ńlá. Ẹlẹ́dẹ̀ mu wàrà títí wọn kò fi yọjú mọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ìró korobá. Ní Wẹ́sìdé, ọjọ́ méje géérégé lẹ́yìn tí Jovina ti ní kó pè, ó padà lọ bá a, ó na bébà náà sí i. Jovina tẹ nọ́ńbà, ó gbé fóònù fún un.

"Bàbá Belarmino!" ni Cibele kígbe. "Norberto, Bàbá oníwàràkàṣì ni! Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Mo ní kí n béèrè bí ẹ ṣe délé ni."

"A délé dáadáa. Ẹ wá gbọ́, wàràkàṣì yín yẹn! Àwọn ọmọ mi jẹ ọ̀kan lọ́jọ́ tí a dé. A fún dókítà mi ní èyí tí ẹ gé létí."

"Ẹ ṣeun. Ìkẹta ń kọ́?"

"A fi ìyẹn pamọ́. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí àbúrò mi á fi dé láti Santos. Ó dé ní ọjọ́ Àìkú. Bàbá, a kò fi nǹkan kan sílẹ̀! Norberto ń lá ọ̀bẹ. Èèpo rẹ̀ gan-an, ajá ló jẹ ẹ́."

Belarmino di fóònù mú. Ó ka ọjọ́ lọ́kàn. Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé. Túsìdé.

"Bàbá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ṣé kò sí ìṣòro o?"

"Kò sí, Ìyáàfin. Inú mi dùn pé ó dùn mọ́ yín."

"A máa padà wá ní oṣù keje. Ẹ bá wa tọ́jú mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, a máa rà á ni!"

"Ilé yín ni. Ẹ kí ọ̀gá."

Ó dá fóònù padà. Jovina ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí pé Cibele ń pariwo sọ̀rọ̀.

"O ò sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni? Kí ohun tó ti jẹ tán lè wá korò lẹ́nu rẹ̀?"

"Yóò padà wá ní oṣù keje. Yóò tọ́ ọ wò."

"Mo mọ̀."

Jovina wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ó gbé ìgò kan tó kún dé ọrùn lọ́wọ́, ó fi ṣùkù àgbàdo dí ẹnu rẹ̀. Ó nà án sí i láìwo ojú rẹ̀.

"Èyí dára," ni ó wí. "Tòní ni."

Belarmino fẹ́ dúpẹ́. Jovina gbé ọwọ́ sókè, nítorí pé wọn kì í dúpẹ́ ẹ̀kán. Wọ́n ní á kú. Belarmino fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, nípa oṣù kìíní yẹn, ṣùgbọ́n adìyẹ ti yí Jovina ká, ó sì ti ń lé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fún wàrà màlúù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó da ẹ̀kán Jovina sí i. Ó tẹ wàràkàṣì mẹ́jọ sórí tábìlì, kò lo pákó. Wọn kò wú. Ó ń yí wọn padà láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń ka ọjọ́. Ní ọjọ́ kejìlélógún, ó gé ọ̀kan, ó bu díẹ̀ láàárín rẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi tán.

Wàràkàṣì tó dára ni. Ti àwọn ará òdìkejì odò ni.